Bàbá Sori Wá sí Padova

Ìtìjú tó kọ́kọ́ bá mi ní Torino, ní Italy, èmi kọ́ ni mo fà á. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni. Mo ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, mo dúró ní ibùdókọ̀ kan létí corso kan, títì gbòòrò tí igi tò sí lọ́tùn-ún lósì. Bíbélì mi wà lábíyá, mo wọ kóòtù dúdú kan tí ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fún mi nítorí òtútù. Mọ́tò kan rọra wá dúró níwájú mi. Mo rò pé ẹni tó wà nínú rẹ̀ fẹ́ béèrè ọ̀nà ni, mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé. Bàbá àgbà kan ni, orí rẹ̀ funfun, ó ju ẹni tó lè bí mi lọ. Ó ní, "Quanto?"

Mi ò tíì gbọ́ èdè wọn nígbà náà, ṣùgbọ́n kò sí àlejò tí kì í tètè mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń béèrè iye tí wọ́n ń ta nǹkan. Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan pàtẹ síbẹ̀. Kò sẹ́ni kankan. Èmi ni ọjà.

Mi ò bú u, mi ò sì pariwo. Mo yí ẹ̀yìn sí i, mo fi ẹsẹ̀ rìn délé. Nígbà tí mo délé, mo ká kóòtù náà sínú àpò, mi ò sì wọ̀ ọ́ mọ́ títí òtútù ọdún yẹn fi kásẹ̀ nílẹ̀. Èmi tí mi ò ṣe nǹkan kan ni mò ń sá fún kóòtù.

Nílé wa ní Iléṣà, ojú la máa ń sọ pé ó ń ti ènìyàn. Ojú ni ìtìjú ń gbé. Ẹni tó mọ̀ ọ́, tó mọ bàbá rẹ, tó mọ ilé tí o ti jáde, òun ni ojú rẹ̀ lè tì ọ́. Mo ti rò pé bí mo bá dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí, ìtìjú ò ní rí mi mú. Irọ́ ni. Níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́, ẹni tó bá wò ọ́ lè sọ ọ́ di ohun tó bá wù ú, ìwọ lo sì máa gbé e délé.

*

Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni mo rí. Cooperativa kan, ẹgbẹ́ tó ń pín òṣìṣẹ́ káàkiri, ló gbà mí, wọ́n sì pín mi sí ibi orin kan ní àdúgbò Vanchiglia, ibì kan tó wà lábẹ́ ilẹ̀, tí èèyàn ń gba àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí. Orin jáàsì ni wọ́n ń kọ níbẹ̀ lálẹ́. Ọ̀sán ni tèmi. Mò ń kó ìgò, mò ń nu tábìlì, mò ń fi omi ọṣẹ fọ ilẹ̀ tí ọtí ti mú kó máa lẹ̀ mọ́ bàtà, lẹ́yìn náà mo kọjú sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Màmá mi pè mí lọ́sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n, àwọn náà ni olórí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ orin. Rúlà ni wọ́n máa ń fi gbá tábìlì tí ohùn mi bá ṣìnà.

"Iṣẹ́ wo lo wá rí?" ni wọ́n bi mí.

"Ní ilé orin kan ni, mà."

"Ilé orin!" Wọ́n gbé ẹnu kúrò lára fóònù. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn pé, "Ẹ wá gbọ́ o. Ilé orin ni wọ́n gba ọmọ mi sí lókè òkun. Mo ti mọ̀ pé ohùn yẹn ò ní ṣòfò."

Mo la ẹnu láti parí ọ̀rọ̀ mi. Ìyókù rẹ̀ wà lórí ahọ́n mi, pé ilẹ̀ ibẹ̀ ni mò ń fọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dá orin ọpẹ́. Ta ló fẹ́ dá orin ọpẹ́ dúró nítorí ọ̀rọ̀ omi ọṣẹ? Mo gbé e mì.

Láti ọjọ́ náà, ìpè ilé di iṣẹ́ kejì fún mi. Tí wọ́n bá ti pè mí ní fídíò, màá yára bọ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, màá ti bọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn dùùrù, màá dúró níbi tí wọ́n á ti máa rí pèpéle àti makirofóònù lẹ́yìn mi. "Sún díẹ̀ kí n rí i," wọ́n á ní, "áà, ibẹ̀ mà dára o." Tí mo bá ti pa fóònù, màá jókòó sórí àtẹ̀gùn fún ìgbà díẹ̀ kí ara mi tó balẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò tíì pa irọ́ kankan. Gbogbo ohun tí mo sọ ló jẹ́ òótọ́, wọ́n sì ti fi òótọ́ náà kọ́ ilé alájà kan tí mi ò lè wọ̀.

*

Ọ̀sán kan ni mo kọ́kọ́ rí Sori. Obìnrin kúkurú kan ni, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti lé lógójì ọdún. Ó wà lórí pèpéle pẹ̀lú ọkùnrin kan tó ń tẹ dùùrù fún un, wọ́n ń tún ibì kan náà kọ nínú orin kan. Orin náà ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀, tó bá sì ti fẹ́ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, obìnrin náà á dáwọ́ dúró, á mi orí. Èmi wà nídìí káńtà, mo kẹ́yìn sí wọn, mò ń ha ilẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbe ohùn kejì lẹ́sẹ̀ orin náà, bí Màmá ṣe kọ́ mi.

Orin dákẹ́. Obìnrin náà ní, "Chi è?" Ta nìyẹn?

Mo lóṣòó sẹ́yìn káńtà. Àgbàlagbà bí èmi! Mo di bọ́kẹ́ẹ̀tì mú bíi pé òun ló máa bò mí. Ìgbà tí mo gbójú sókè, ó ti dúró lókè mi, ó ń wò mí.

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, signora, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Tún un kọ."

Mo kọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú ọwọ́ mi, tòun ti ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí ọṣẹ ń kán lára rẹ̀, ó fà mí lọ síwájú makirofóònù. Mo kọ ìlà méjì nínú orin ìyìn kan tí a máa ń kọ nílé. Ohùn náà gba inú àpótí ohùn jáde, ó kún inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ yẹn, ó ga, ó fẹ̀, ó dà bí ohùn ẹnì kan tó ní ilé àti ilẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rí ìbọ̀wọ́ tó wà lọ́wọ́ mi, mo sì sá sọ̀ kalẹ̀. Àwọn méjèèjì pàtẹ́wọ́. Mi ò wẹ̀yìn. Síbẹ̀, nígbà tí mo dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí mo fẹ́ fọ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo rẹ́rìn-ín síra mi nínú dígí.

Nígbà tí mo parí iṣẹ́, ó gbé tíì fún mi. Ọwọ́ méjì ló fi gbé e. Orúnkún mi tẹ̀ díẹ̀ fúnra rẹ̀ bí mo ṣe ń gbà á, àwa méjèèjì sì rí ohun tí ẹnì kejì ṣe.

"Lọ́dọ̀ tiwa náà," ó ní, "ọwọ́ kan ò tó fún ẹni tí a bá bọ̀wọ̀ fún."

"Ní China?"

"Coreana ni mí, ará Korea. Ṣé kí n máa pè ọ́ ní ará Ghana?"

A rẹ́rìn-ín. Ó sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, mo tún rẹ́rìn-ín, nítorí pé létí tèmi, ńṣe ló dà bí ẹni tó fẹ́ sọ pé "sorí kọ́" tí kò parí rẹ̀. Ó ní lédè tiwọn, ìró ni ìtumọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní ẹ̀gbọ́n. Ó bi mí ohun tí ìyẹn jẹ́, mo sọ fún un, ó ní àwọn náà ní ọ̀rọ̀ rẹ̀, òun kò sì gbọ́ ọ láti ọjọ́ pípẹ́.

*

Orí àtẹ̀gùn ni mo ti gbọ́ ìtàn ayé rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ní àwọn ọ̀sán tí a jọ ń jẹun. Òun á gbé ìrẹsì wá, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ kan tí wọ́n fi ata kùn títí ó fi kan. Èmi á gbé ọbẹ̀ ata tèmi wá. Kò sẹ́ni tó ní oúnjẹ ẹnì kejì ta jù.

Ìlú Daegu ni wọ́n ti bí i. Bàbá rẹ̀ ń tún aago ṣe, alàgbà sì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láti kékeré ni Sori ti ń dá orin nínú ìsìn. Ohùn rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìyá ìjọ máa ń nu ojú. Bàbá rẹ̀ pinnu pé ó máa lọ kọ́ orin opera ní Italy, níbi tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó fẹ́ kúrò nílé, gbogbo ìjọ gbé ọwọ́ lé e lórí.

Conservatorio kan, ilé ẹ̀kọ́ orin, ní Padova ló lọ. Ó kọ́ orin títí, ó tún ń dá kọ ọ́ nílé, kò jẹ́ kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sinmi. Lọ́jọ́ ìdánwò kan, níwájú àwọn olùkọ́, ó gbé ohùn lọ sókè téńté, ohùn náà sì ya bí aṣọ. Dókítà ní kó má sọ̀rọ̀ fún oṣù bíi mélòó kan. Àwọn tó ń bá a gbé rò pé ó di odi. Nígbà tó tún la ẹnu, òkè ohùn ti lọ. Ìsàlẹ̀ ló kù, ó sì há.

"Ẹ ò ṣe padà sílé, ẹ̀gbọ́n?"

"Sínú ìjọ yẹn? Tí wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí? Kí n gbé kí ni padà?"

Ó lọ di ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sínú ọ̀rá ní iléeṣẹ́ kan ní Modena. Láti ibẹ̀ ó lọ fọ abọ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Genova, nítòsí èbúté. Bàbá arúgbó kan ń tẹ dùùrù níbẹ̀ fún àwọn tó ń jẹun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, akọrin tó máa ń bá a kọrin kò wá, bàbá náà sì ti gbọ́ tí Sori ń kùn nídìí abọ́. Ó ní kó wá. Sori ní òun ò ní ohùn mọ́. Bàbá náà ní, "Má wá èyí tó lọ. Kọ èyí tó kù." Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ní ìsàlẹ̀, pẹ̀lú háhá inú rẹ̀. Àwọn tó ń jẹun ò gbójú sókè. Ṣùgbọ́n bàbá náà ń gbójú wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì kọ́ ọ ní jáàsì títí ọwọ́ arúgbó náà fi kọ̀ láti tẹ dùùrù mọ́.

Nígbà tí mo fi mọ̀ ọ́n, Sori ti ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri ní Torino, àwọn ènìyàn ń ti Milano wọ ọkọ̀ ojúurin wá gbọ́ ọ. Síbẹ̀, bàbá rẹ̀ ní Daegu rò pé opera ló ń kọ. Àwòrán tó fi gáùn gígùn yà nìkan ló ń fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ní kó kọrin létí fóònù, á ní òun ń sinmi ohùn.

Mo ní, "Àmọ́ ẹ ti di ẹni ńlá. Ẹ sọ fún wọn."

Ó mi orí. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wà léwe, wọ́n ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn sójà Amẹ́ríkà tó wà nílùú wọn. Wọ́n mọ orin jáàsì yìí. Wọ́n mọ ilé ọtí tí wọ́n ti ń kọ ọ́, wọ́n sì mọ ohun tí àwọn sójà ń pe àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ ọ́. Nígbà tí Sori wà ní kékeré, tí irú orin bẹ́ẹ̀ bá dún nínú rédíò, bàbá rẹ̀ á dìde láì sọ̀rọ̀, á pa á.

Mo wo ìbọ̀wọ́ mi. Mo ti rò pé bí ènìyàn bá ti gun pèpéle, ìtìjú á dúró nísàlẹ̀ de ẹni tó ń fọ ilẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó ń bá èèyàn gòkè.

*

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Torino, ẹgbẹ́ akọrin ni mo wà. Wọ́n mọ̀ pé mo ń ṣiṣẹ́ "níbi orin," gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́ nílé. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ kan, Mọ́mì Pásítọ̀ pè mí sí yàrá kékeré tí a máa ń kó aṣọ kọ́áyà sí. Ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n, àwọn ló fún mi ní kóòtù yẹn. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ akọrin jókòó yí ká. Mo kúnlẹ̀.

"Ọmọ mi," Mọ́mì ní, "wọ́n rí ẹ níbi tí o ti ń jáde láti ilé ọtí kan ní Vanchiglia. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n ní wọ́n ń kọ orin ayé níbẹ̀. Ṣé o ń bá wọn kọ ọ́ ni?"

Ìdáhùn méjì ló wà. Bí mo bá ní mò ń kọrin níbẹ̀, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á mọ̀ pé agbálẹ̀ ni mí, èmi tí mo ti jẹ́ kí wọ́n máa kí mi kú iṣẹ́ orin.

"Mi ò kọrin níbẹ̀, mà. Ilẹ̀ ni mò ń fọ̀. Àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀."

Mo rí i lójú wọn pé wọ́n ń tún gbogbo ohun tí mo ti sọ rí rò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọmọbìnrin kékeré Mọ́mì Pásítọ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Mamma, perché piange?" Ó ń béèrè ohun tó ń pa mí lẹ́kún.

"Kò sí nǹkan. Padà síta."

"Ma perché?"

"Mo ní padà síta!"

Mọ́mì gbé mi dìde. Wọ́n ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú iṣẹ́ ọwọ́, ohun tó dùn wọ́n ni pé mo fi pa mọ́. Wọ́n ṣàdúrà fún mi. Wọn ò lé mi nínú kọ́áyà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó níbẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Màmá mi ní Iléṣà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, fóònù mi dún. Màmá ni, kì í ṣe fídíò.

"Ṣé ilẹ̀ lo ń fọ̀ níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Mo gbọ́ tí jẹnẹrétọ̀ ń kùn ní ilé kejì.

"Ó dáa," ni wọ́n wí, wọ́n sì pa fóònù.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò pè mí mọ́. Bí mo bá pè, àbúrò mi á gbé e, á ní Màmá ti sùn. Ọ̀sán gangan, Màmá ti sùn. Mo mọ̀ pé wọ́n jókòó tì í.

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Wọn ò sọ fún wa ohun tí èèyàn á ṣe nígbà tí ẹ̀sín bá ti dé tí ikú ò sì wá, tí èèyàn ní láti jí lọ síbi iṣẹ́, kó ki káàdì rẹ̀ bọ ẹnu ẹ̀rọ nínú bọ́ọ̀sì, kó sì jókòó láàárín àwọn tí kò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì yẹn ni mo ti mọ̀ pé ilé ṣì lè lé èèyàn, bó ti wù kó jìnnà tó.

*

Láàárín ìgbà yẹn ni bàbá Sori ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀. Wọ́n ń bá àwọn ará ìjọ wọn kan bọ̀ wá sí Roma, wọ́n sì máa yà sí Padova láti gbọ́ ọmọ wọn, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé yóò kọrin ní teatro kan, gbọ̀ngàn eré, níbẹ̀. Wọ́n kó kóòtù àti táì tuntun sínú àpótí nítorí opera.

"Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó dé," mo bẹ̀ ẹ́.

"Mo gbìyànjú," Sori ní. "Mo pè wọ́n. Wọ́n bi mí irú táì tó yẹ kí wọ́n wọ̀."

Mo mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ó ní kí n bá òun lọ sí Padova, kí n bá òun jókòó ti bàbá náà, nítorí kò sẹ́lòmíràn tó lè bá òun jókòó tì wọ́n tí ọ̀rọ̀ náà máa yé. Mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo lọ.

Bàbá tín-ín-rín kan ni wọ́n, ẹ̀yìn wọn tọ́ ṣánṣán. Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ ṣì kù lẹ́nu wọn láti ọ̀dọ̀ àwọn sójà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, ó yà wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì tẹrí ba fún mi. A jókòó sí ìlà kejì. Wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún, táì wọn pupa.

Sori jáde pẹ̀lú ẹni tó ń tẹ dùùrù, onígìtá kan, àti ọmọkùnrin kan tó fín ara títí dé ọrùn tó ń lu ìlù. Ó wo ìlà wa, ó sì bẹ̀rẹ̀. Mi ò wo Sori. Bàbá ni mò ń wò. Nígbà tí ohùn Sori lọ sí ìsàlẹ̀ tó sì há, bó ṣe máa ń há, wọ́n yí etí sí i, bíi pé aago kan ló ń lu tí kò lu dáadáa. Wọ́n dìde láàárín orin. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn yà fún àwọn, wọ́n sì jáde. Sori rí wọn. Ó ń kọrin lọ.

Mo sáré tẹ̀ lé wọn. Wọ́n dúró síta níwájú teatro náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n to kẹ̀kẹ́ ológeere sí, wọ́n ti tú táì. Mo rò pé ìbínú ni. Mo ro gbogbo ohun tí sójà ń pe àwọn ọmọbìnrin, mo ro ọ̀rọ̀ tí bàbá àgbà inú mọ́tò yẹn fi bi mí ní Torino. Gẹ̀ẹ́sì kankan ò wá sí mi lẹ́nu láti fi ṣàlàyé. Mo ṣe ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé: mo kúnlẹ̀ sórí òkúta títì, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ forí jì í." Yorùbá ni mo sọ. Àwọn ọmọ yunifásítì tó ń kọjá dúró ń wò wá. Ọ̀kan yọ fóònù. Ojú tì mí dé egungun, ṣùgbọ́n orúnkún mi ti kan ilẹ̀.

Bàbá bẹ̀rẹ̀, wọ́n fà mí dìde. Omi ń bọ́ lójú wọn.

"Ohùn rẹ̀," wọ́n ní lédè Gẹ̀ẹ́sì. "Ohùn ọmọ mi. Ó fọ́. Nígbà wo?"

"Ó ti pẹ́, sà. Nígbà tó ṣì ń kọ́ orin."

"Ó ṣàìsàn?"

Mo sọ ohun tí mo mọ̀: ìdánwò, dókítà, oṣù tí kò fi sọ̀rọ̀. Wọ́n ń fi ọwọ́ lu àyà wọn níwọ̀nba, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Èmi ò mọ̀. Mò ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ó ń kọ opera. Bàbá rẹ̀ ni mí, èmi ò sì mọ̀ pé ó di odi."

Mo ti múra sílẹ̀ fún ojú tí yóò ti ọmọ. Mi ò múra sílẹ̀ fún ti bàbá. Lẹ́yìn náà wọ́n so táì wọn padà, wọ́n sì tún wọlé. Wọn ò padà sí àga. Wọ́n dúró sẹ́yìn pátápátá, lára ògiri, títí orin fi parí.

Nínú yàrá tí àwọn akọrin ti ń múra, Sori wólẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, orí rẹ̀ kan ilẹ̀. Wọ́n gbé e dìde. Wọ́n yíjú sí àwọn tó bá a ṣe orin, wọ́n sì ń tẹrí ba fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹni tó ń tẹ dùùrù, onígìtá, ọmọkùnrin tó fín ara. Ọmọkùnrin náà ò mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde, ó sì tẹrí ba débi tí igi ìlù fi bọ́ lápò rẹ̀. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n ṣe ìtọ́jú ọmọ àwọn. Lẹ́yìn náà wọ́n yí sí mi, wọ́n sì tẹrí ba. Fún èmi tí mò ń fọ ilẹ̀. Mi ò mọ ibi tí màá gbé ojú sí.

Nínú ọkọ̀ ojúurin tí a wọ̀ padà sí Torino, mo bi Sori ohun tí bàbá rẹ̀ sọ nígbẹ̀yìn, nígbà tí àwọn méjèèjì jọ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Wọ́n ní orin náà ò dára," ó ní. "Wọ́n ní ohùn náà dára."

*

Nígbà tí mo dé Torino, mo pe ilé. Àbúrò mi ní Màmá ti sùn. Mo ní, "Gbé fóònù náà tì wọ́n létí. Màá sọ̀rọ̀ fún ẹni tó sùn."

Mo sọ fún wọn pé iṣẹ́ mi ò ní yí padà láìpẹ́. Mo sọ ohun tí mò ń fọ̀ àti bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́. Mo ní ojú ń tì mí. Mo ní mo mọ̀ pé mo ti dójú tì wọ́n níwájú ìjọ.

"Ìwọ ni ojú ń tì," Màmá sọ lójijì. Wọn ò sùn rárá. "Èmi ò tijú. Inú ló ń bí mi. Ta ló sọ fún ẹ pé ọmọ tí mo bí ò lè fọ ilẹ̀ kó sì sọ fún mi? Ṣé èmi ò fọ ilẹ̀ kíláàsì rí ni?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Màá bínú. Jẹ́ kí n bínú dáadáa."

Mi ò pa fóònù. Nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti rọ̀ díẹ̀.

"Àwọn tó ń kọrin níbẹ̀, ṣé wọ́n máa ń kí ẹ?"

Ó yẹ kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn ni wọ́n fẹ́ gbọ́, ó sì rọrùn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ibi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ láì wò mí.

"Ẹnì kan máa ń kí mi, mà."

"Ẹnì kan péré?"

"Ẹnì kan ni, mà. Sori lorúkọ rẹ̀."

"Ọmọ ta ni?"

Mo jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, ẹni tó ń tún aago ṣe, mo sọ ọ́ títí dé orí igi ìlù tó bọ́ sílẹ̀ ní Padova. Nígbà tí mo parí, mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀.

"Bá mi kí i," ni wọ́n wí. "Bá mi kí bàbá rẹ̀ náà."